Àwọn Agbo Ìràwọ̀ Tó Ń Tẹ Ìmọ́lẹ̀: Àgbéyẹ̀wò Bí Wọ́n Ṣe Ń Wá Wọn

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹta ọdún 2025, ESA, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ òfúrufú ní ilẹ̀ Yúróòpù, kó ìpín àkọ́kọ́ nínú àwọn àwòrán ìwádìí Euclid síta fún gbogbo ayé. Euclid ni awò awọ̀nàjíjìn tí wọ́n fi rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé kúrò ní Cape Canaveral ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2023. Ibi tí àwọn àwòrán náà kárí kò tó nǹkan: igun mẹ́ta péré ní ojú sánmà, tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 63 digíríì níbùú-lóòró, nínú nǹkan bí 14,000 tí wọ́n ní lọ́kàn láti yà. Síbẹ̀, inú ìwọ̀nba yẹn ni wọ́n ti ṣa nǹkan bí 500 agbo ìràwọ̀ tí wọ́n fura sí pé wọ́n ń ṣe iṣẹ́ lẹ́ńsì. Wọ́n ń tẹ ìmọ́lẹ̀ ohun tó wà lẹ́yìn wọn, wọ́n ń sọ ọ́ di méjì, di mẹ́rin, tàbí di òrùka. Ẹni tó bá mọ ìtàn iṣẹ́ yìí á mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá rí ẹyọ kan péré lọ́dún, ìwé ìròyìn á gbé e.

Iye wọn kọ́ ló jẹ mí lógún jù. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ wò ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wá wọn, nítorí pé, lójú tèmi, ọ̀nà tí èèyàn bá gbà wá nǹkan yìí ló ń pinnu irú èyí tó máa rí, àti irú èyí tí ojú rẹ̀ máa fò.

Ohun tó bá wúwo a máa tẹ ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Albert Einstein ṣírò rẹ̀ ní ọdún 1915, ó ní ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tó bá fara kan etí oòrùn yóò yà lójú ọ̀nà díẹ̀. Bí a bá pín digíríì kan ṣoṣo sí ọ̀nà 3,600, ìpín 1.75 ni yóò fi yà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1919, nígbà tí òṣùpá dí oòrùn lójú pátápátá, àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ wò ó bóyá òótọ́ ni. Ikọ̀ kan gba Sobral lọ ní Brazil. Ikọ̀ kejì, tí Arthur Eddington ṣáájú rẹ̀, kó irinṣẹ́ wọn lọ sí oko kòkó kan ní erékùṣù Príncipe, nínú òkun tó wà ní gúúsù Nàìjíríà níbí. Kùrukùru fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ àwọn ti Príncipe lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n rí ìwọ̀nba àwòrán mú bọ̀, èsì náà sì gbe Einstein.

Oòrùn kan ṣoṣo nìyẹn o. Agbo ìràwọ̀ ńlá lè wúwo ju oòrùn lọ ní ìlọ́po ọgọ́rọ̀ọ̀rún bílíọ̀nù. Bí irú rẹ̀ bá wà lójú ọ̀nà kan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú agbo ìràwọ̀ mìíràn tó jìnnà sí i lẹ́yìn, ìmọ́lẹ̀ èyí tó wà lẹ́yìn kò ní gba ọ̀nà kan ṣoṣo dé ọ̀dọ̀ wa mọ́. Á gba ọ̀tún, á gba òsì, á gba òkè, á gba ìsàlẹ̀, àwa tí a wà níhìn-ín á sì máa rí ohun kan ṣoṣo ní ibi púpọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i, kó wá ife wáìnì tó ní ẹsẹ̀, kó gbé ìdí ife náà lé orí àmì tóótòòtó kan lórí ìwé, kó wá máa gba inú gíláàsì ìdí ife wo àmì náà bó ṣe ń rọra sún un. Àmì náà á pín sí méjì, á tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́, nígbà tí àárín ìdí ife bá sì dé orí rẹ̀ gan-an, á di òrùka. Ohun tí àwọn olùkọ́ ìmọ̀ ìràwọ̀ fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn nìyẹn, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí àlàyé tó dáa jù ú lọ.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé òrùka ojú ọ̀run kéré jọjọ. Èyí tí agbo ìràwọ̀ kan bá dá ṣe, láti àárín rẹ̀ dé etí, kì í sábà ju ìpín kan tàbí méjì lọ nínú 3,600 tí a pín digíríì kan sí yẹn. Afẹ́fẹ́ tó yí ayé wa ká nìkan ti tó láti da irú àwòrán bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ ara wọn títí á fi dà bíi pé èèyàn ń wo ẹyọ kan ṣoṣo tó rí wúruwùru. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé awò tó wà lókè afẹ́fẹ́, bíi Hubble àti Euclid, ló gba iwájú nínú iṣẹ́ yìí, tí àwọn tó wà nílẹ̀ sì ní láti dọ́gbọ́n sí i.

Einstein gan-an kò gbà pé ẹnikẹ́ni máa rí i láéláé. Rudi Mandl, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Czech kan, ló ń yọ ọ́ lẹ́nu pé kó kọ nǹkan lórí rẹ̀. Ní ọdún 1936 ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Science ní ṣókí, ó sì là á mọ́lẹ̀ níbẹ̀ pé kò sí ìrètí pé a ó fojú rí i. Ìràwọ̀ kan ṣoṣo níwájú ìràwọ̀ kan ṣoṣo ló ń rò. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni Fritz Zwicky, tó ń ṣiṣẹ́ ní Caltech ní California, sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́: ẹ fi ìràwọ̀ sílẹ̀, ẹ wo odindi agbo ìràwọ̀. Ó wúwo tó, ó fẹ̀ tó, ó sì pọ̀ tó kí ọ̀kan máà ṣaláì bọ́ síwájú òmíràn. Òun ló gba ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó kú ní ọdún 1974 láìrí ọ̀kan.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni wọ́n rí èyí àkọ́kọ́, kì í sì í ṣe pé wọ́n ń wá a. Dennis Walsh ní àkọsílẹ̀ àwọn ohun tó ń sọ ìgbì rédíò ní ojú ọ̀run, èyí tí wọ́n kó jọ ní Jodrell Bank ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 1979, òun àti Robert Carswell wà ní Kitt Peak ní Arizona, wọ́n kọjú awò sí ọ̀kan tó jẹ́ pé, nígbà tí wọ́n yẹ àwòrán ibẹ̀ wò, àmì aláwọ̀ búlúù méjì ló wà níbẹ̀ tí wọ́n sún mọ́ ara wọn pẹ́kípẹ́kí. Wọ́n la ìmọ́lẹ̀ èkíní sí àwọ̀ inú rẹ̀: quasar ni, ìyẹn àárín agbo ìràwọ̀ tó ń tàn yòò nítorí ihò dúdú ńlá tó ń gbé nǹkan mì níbẹ̀. Wọ́n la ti èkejì: quasar lòun náà. Títí dé ibí, kò sí ohun tó burú. Ṣùgbọ́n àwọn ìlà inú ìmọ́lẹ̀ méjèèjì dúró sí ojú kan náà, ọ̀nà tí wọ́n fi jìnnà sí wa sì jẹ́ ọ̀kan náà. Ray Weymann bá wọn fi awò mìíràn yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí ìyàtọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń rí lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó yá, àwọn mìíràn rí agbo ìràwọ̀ tó jókòó síwájú rẹ̀ tó ń tẹ ìmọ́lẹ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀kan yìí, nítorí ó kọ́ wa ní nǹkan kan tó pọ̀. Ọ̀nà méjì tí ìmọ́lẹ̀ náà gbà wá kò gùn bákan náà, nítorí náà ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ sí quasar náà gbọ́dọ̀ hàn lára àmì kan kó tó hàn lára ìkejì. Ọjọ́ mélòó ló wà láàárín wọn? Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fi bá ara wọn jiyàn. Àwọn kan ní ó lé díẹ̀ ní 400 ọjọ́, àwọn kan ní ó lé ní 500. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1994, àmì àkọ́kọ́ ṣàdédé ṣú díẹ̀. Gbogbo wọn bá jókòó, wọ́n ń retí ìkejì. Ní oṣù Kejì ọdún 1996 ìkejì náà ṣú, ní àkókò tí àwọn tó mú iye kékeré sọ gẹ́lẹ́. Ọjọ́ 417 ni. Sjur Refsdal, ọmọ ilẹ̀ Norway, ti kọ ọ́ láti ọdún 1964 pé irú ìdúró báyìí ni èèyàn lè fi mọ bí àgbáálá ayé ṣe ń gbòòrò kánkán tó.

Lẹ́yìn 1979, oríṣiríṣi ọ̀nà ni wọ́n gbé kalẹ̀, kò sì sí èyí tí kò ní àbùkù tirẹ̀.

Àwọn tó ń lo ìgbì rédíò ló kọ́kọ́ ṣe é létòlétò. Eruku kò lè dí ìgbì rédíò, awò rédíò tí wọ́n so pọ̀ sì ń ríran fínnífínní ju awò ojú lásán tó wà nílẹ̀ lọ. Awò VLA ní New Mexico ni Jacqueline Hewitt àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi rí òrùka àkọ́kọ́, tí wọ́n kéde ní ọdún 1988. Iṣẹ́ tí wọ́n pè ní CLASS yẹ ohun tó lé ní 16,000 wò, lẹ́ńsì 22 péré ni wọ́n sì bá bọ̀. Ìyà tó wà níbẹ̀ ni pé ohun tó bá wà lẹ́yìn gbọ́dọ̀ máa sọ ìgbì rédíò dáadáa, púpọ̀ nínú àwọn agbo ìràwọ̀ kì í sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kejì gba ibi tí ẹnikẹ́ni kò ronú sí. Ní ọdún 1985, John Huchra ń wọn bí àwọn agbo ìràwọ̀ ṣe jìnnà tó lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ohun kan bá ṣe jìnnà tó ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe máa ń fà gùn tó, tí àwọn ìlà inú rẹ̀ á sún lọ sí ìhà pupa. Ìsún yẹn ni wọ́n fi ń mọ bó ṣe jìnnà. Huchra kan agbo ìràwọ̀ kan tó sún mọ́ wa dáadáa, ṣùgbọ́n ìlà quasar tó jìnnà réré wà nínú ìmọ́lẹ̀ àárín rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wò ó dáadáa, àmì mẹ́rin ló yí àárín náà ká bí àgbélébùú. Ọgbọ́n yìí ni Adam Bolton àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ di iṣẹ́ ńlá. Ètò Sloan ní New Mexico ti gba ìmọ́lẹ̀ ọ̀kẹ́ àìmọye agbo ìràwọ̀ sílẹ̀. Wọ́n kàn ní kí kọ̀ǹpútà wá èyí tí ọ̀nà jíjìn méjì bá wà nínú ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo. Wọ́n wá fi Hubble wo 131 nínú àwọn afurasí náà, 70 sì dájú hán-ún. Mo gbà pé nínú gbogbo ọ̀nà, èyí ló mọ́ jù, nítorí ẹ̀rí wà nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wo àwòrán. Ṣùgbọ́n ihò tí Sloan fi ń gba ìmọ́lẹ̀ kéré, òrùka tó bá tóbi ju ihò náà lọ lè bọ́ síta. Àwọn agbo ìràwọ̀ gbàǹgbà tó ti dàgbà, tó sì pọ́n, ló kún inú àwọn 70 yẹn fọ́fọ́.

Ti Herschel ò gba àlàyé gígùn. Awò yẹn, tí ESA gbé lọ sí òfúrufú ní ọdún 2009, ń wo ooru eruku inú agbo ìràwọ̀. Ní ìhà yẹn, ohun tó bá mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ tó sì jìnnà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun mìíràn tó lè fà á ju lẹ́ńsì lọ. Ní ọdún 2010, Mattia Negrello àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mú márùn-ún tó mọ́lẹ̀ jù, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, márààrún sì jẹ́ lẹ́ńsì. Kò sí ọ̀nà mìíràn tó pegedé tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ iye irú wọn tó wà kò pọ̀.

Ó wá ku wíwo àwòrán lásán. Ojú wíwò ni ọ̀nà tó dàgbà jù, òun náà ló sì ń tanni jẹ jù. Ní ọdún 1950, Arthur Hoag rí ohun kan tó lẹ́wà gan-an: àárín aláwọ̀ òféèfèé, òrùka búlúù tó pé rẹ́kẹ́ yí i ká, àlàfo sì wà láàárín wọn. Hoag fúnra rẹ̀ dábàá pé bóyá lẹ́ńsì ni. Bí ẹ bá fi àwòrán rẹ̀ han ẹni tó ń wá lẹ́ńsì lónìí, tí ẹ kò sọ orúkọ rẹ̀ fún un, á lè búra. Nígbà tí wọ́n wọn ọ̀nà jíjìn òrùka àti ti àárín ní àwọn ọdún 1970, ọ̀kan náà ni. Ara agbo ìràwọ̀ yẹn ni òrùka náà, kò sí ohun kankan lẹ́yìn rẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀. Bákan náà ni ti CSL-1, agbo ìràwọ̀ méjì tó jọra bí ìbejì, tí àwọn kan ní ọdún 2003 sọ pé ohun kan ṣoṣo ni, tí okùn àràmàǹdà kan láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé pín sí méjì. Hubble wò ó ní ọdún 2006: agbo ìràwọ̀ méjì ni, wọ́n kàn sún mọ́ ara wọn ni.

Ohun tó ń fa irú èyí ni pé ojú ọ̀run kún fún ohun tó tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́. Apá agbo ìràwọ̀ tó ń yí, àṣẹ́kù èyí tí méjì ti kọlu ara wọn, òrùka gidi bíi ti Hoag: gbogbo wọn ló ń ṣe bíi lẹ́ńsì. Lẹ́ńsì tòótọ́ sì ṣọ̀wọ́n. Nínú àwọn agbo ìràwọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù kan tí wọ́n yẹ̀ wò nínú ìpín àkọ́kọ́ ti Euclid, nǹkan bí 500 yẹn ni wọ́n rí, ìyẹn ni pé ọ̀kan nínú bíi ẹgbàá. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹnì kan ṣe ètò kọ̀ǹpútà tó ń gba ọ̀rọ̀ dáadáa ní ìgbà 99 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ bá a yọ̀. Nínú mílíọ̀nù kan agbo ìràwọ̀, á mú nǹkan bí 495 nínú 500 lẹ́ńsì. Ṣùgbọ́n nínú àwọn 999,500 tó kù, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tó ń ṣì á fún un ní nǹkan bí 10,000 afurasí tí kì í ṣe lẹ́ńsì. Ẹni tó bá wá fẹ́ lo iṣẹ́ rẹ̀ á máa wá òótọ́ kan nínú irọ́ ogún. Ibi tí ọ̀pọ̀ ìròyìn nípa ọgbọ́n àtọwọ́dá kì í débẹ̀ nìyẹn: ohun tó dára ní ilé-ìwé lè má wúlò lóko tí ohun tí à ń wá bá ṣọ̀wọ́n.

Síbẹ̀, ètò kọ̀ǹpútà tó ń kọ́ nípa àpẹẹrẹ ti yí iṣẹ́ yìí padà láti nǹkan bí ọdún 2017. Ẹgbẹ́ Xiaosheng Huang fi í tú àwòrán tí wọ́n yà fún ètò ìwádìí ojú ọ̀run DESI wò, wọ́n kéde afurasí tuntun 335 ní ọdún 2020, wọ́n tún kéde 1,210 mìíràn ní ọdún 2021. Ní ìdíje kan tí R. Benton Metcalf àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2019, àwọn ètò kọ̀ǹpútà kan ṣe dáadáa ju èèyàn tó bá wọn díje lọ. Àwòrán tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà hùmọ̀ ni wọ́n fi ṣe ìdíje náà o. Ibẹ̀ ni mo ti ní tèmi sọ. Lẹ́ńsì gidi tí wọ́n ní lọ́wọ́ kò pọ̀ tó láti kọ́ ẹ̀rọ, nítorí náà ńṣe ni wọ́n ń ṣẹ̀dá ayédèrú rẹpẹtẹ: wọ́n á mú agbo ìràwọ̀ gidi, wọ́n á fi ìṣírò ya òrùka sí i lára, wọ́n á ní kí ẹ̀rọ máa kọ́ ọ. Ẹ̀rọ á kọ́ ọ lóòótọ́. Á kọ́ irú lẹ́ńsì tí olùkọ́ rẹ̀ rò pé ó wà. Èyí tí olùkọ́ náà kò lérò, bí àpẹẹrẹ agbo ìràwọ̀ alápá yíyí tó ń tẹ ìmọ́lẹ̀, tàbí òrùka tó pupa dípò búlúù, ẹ̀rọ á fojú fò ó, kò sì ní sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ohun kan sọnù.

Àwọn èèyàn lásán ló ń dí àlàfo yẹn. Ní ọdún 2013, wọ́n ṣí Space Warps lórí Zooniverse, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè gbà bá àwọn onímọ̀ ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá wọlé á rí àwòrán kékeré kan, agbo ìràwọ̀ òféèfèé kan láàárín ọ̀pọ̀ àmì tóótòòtó, wọ́n á sì bi í pé ṣé ó rí ohun tó tẹ̀ yí i ká. Bó bá rí i, kó tẹ ojú ibẹ̀. Bí kò bá rí i, kó kọjá sí òmíràn. Àwọn tó gbé e kalẹ̀ gbọ́n: wọ́n fi ayédèrú lẹ́ńsì sáàárín àwòrán gidi, kí wọ́n lè mọ ẹni tí ojú rẹ̀ ríran àti ẹni tó kàn ń tẹ nǹkan kiri, ohùn ẹni tó ń gbà á sì máa ń wúwo ju ti ẹlòmíràn lọ. Èèyàn tó tó 37,000 ló bá wọn wo àwòrán 430,000, afurasí tuntun 29 tó ṣeé gbára lé ni wọ́n sì bá jáde, nínú àwòrán tí àwọn ètò kọ̀ǹpútà ìgbà náà ti tú wò ṣáájú wọn.

Ohun tí Euclid ṣe ní ọdún 2025 jẹ́ àpapọ̀ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ to mílíọ̀nù kan agbo ìràwọ̀ ní ìpele-ìpele, láti èyí tó jọ lẹ́ńsì jù. Àwọn olùyọ̀ǹda Space Warps wo àwọn tó wà lókè. Àwọn onímọ̀ wá jókòó ti èyí tó kù, wọ́n fún un ní máàkì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 497: àwọn 250 gba ìpele A, àwọn 247 gba ìpele B. Lójú tèmi, bó ṣe yẹ kí iṣẹ́ yìí máa rí nìyẹn, ẹ̀rọ níwájú, èèyàn lẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má sì dá ṣèdájọ́.

Bí ẹnì kan bá sì rò pé ojú èèyàn ti di ohun àtijọ́, kó gbọ́ ti NGC 6505. Láti ọdún 1884 ni àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ti mọ agbo ìràwọ̀ yẹn. Kò jìnnà, nǹkan bí 590 mílíọ̀nù ọdún ìmọ́lẹ̀ péré. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, tí wọ́n ṣì ń dán Euclid wò, tí àwòrán tó ń yà kò tíì gún pàápàá, Bruno Altieri, onímọ̀ kan ní ESA, ń yẹ wọ́n wò, ó ṣàkíyèsí nǹkan kan láàárín NGC 6505. Nígbà tí àwòrán tó gún dé, òrùka tó pé ni. Agbo ìràwọ̀ mìíràn tó jìnnà tó 4.42 bílíọ̀nù ọdún ìmọ́lẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ yí i ká. Nǹkan bí 140 ọdún ni wọ́n ti ń wo ibẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí i, nítorí òrùka náà wà nínú ìmọ́lẹ̀ àárín agbo ìràwọ̀ náà, kò sì sí awò tó ríran tó bẹ́ẹ̀ tó kọjú sí i. Wọ́n fi òrùka náà wọn ohun tó wà nínú rẹ̀, wọ́n rí i pé nǹkan bí 11 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ibẹ̀ jẹ́ ti ohun àìrí, ohun tó wúwo ṣùgbọ́n tí kì í tan ìmọ́lẹ̀.

Kí wá ni wọ́n fẹ́ fi ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì ṣe? Ohun àìrí yẹn ni ìdí kan. Lẹ́ńsì kì í bi ohun tó ń tàn léèrè; ìwúwo nìkan ló mọ̀. Ní ọdún 2025, wọ́n wo lẹ́ńsì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ B1938+666, tí àwọn oníwàádìí rédíò ti mọ̀ tipẹ́, wọ́n sì so àwọn awò rédíò káàkiri ayé pọ̀ láti wò ó. Ìlà ìmọ́lẹ̀ tó tẹ̀ níbẹ̀ ṣẹ́ díẹ̀ níbì kan. Ohun kan ló wà níbẹ̀ tó wúwo tó mílíọ̀nù kan oòrùn, tí kò sì tan ìmọ́lẹ̀ kankan tí wọ́n rí. Ìdí kejì ni ìwọ̀n tí Refsdal dábàá. Àwọn tó fi ìdúró àwọn quasar wọn bí àgbáálá ayé ṣe ń gbòòrò kéde 73.3 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún mẹ́gápáásẹ́ẹ̀kì kan ní ọdún 2020, nígbà tí àwọn tó wo ìmọ́lẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ayé pẹ̀lú sátẹ́láìtì Planck ní 67.4 ni. Ìjà náà kò tíì parí. Quasar mẹ́fà péré ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ fi ṣe ìṣírò wọn, ẹ sì lè rí i pé iye náà kéré fún ìjà tó tóbi tó báyìí.

Nítorí náà ni gbogbo wọn ṣe ń retí ọ̀kẹ́ lórí ọ̀kẹ́. Thomas Collett ṣírò ní ọdún 2015 pé Euclid lè rí 170,000, kí awò Rubin ní Chile sì rí 120,000; lónìí, iye tí ẹgbẹ́ Euclid ń dárúkọ ni 100,000. Rubin ti ń ya àwòrán. Ó kó àwọn àkọ́kọ́ jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2025. Awò rédíò SKA tí wọ́n ń kọ́ ní Karoo ní South Africa náà máa dara pọ̀, ó sì dùn mọ́ mi nínú pé ilẹ̀ Áfíríkà ni.

Ìkìlọ̀ tèmi ni pé afurasí kì í ṣe lẹ́ńsì. Ohun tó máa ń parí ẹjọ́ ni ọ̀nà jíjìn méjì: ti agbo ìràwọ̀ iwájú àti ti ohun tó wà lẹ́yìn. Ìwọ̀n yẹn ni kò sí fún Hoag tó fi rò pé lẹ́ńsì ni, òun náà ló sì tú àṣírí. Àkókò awò tó lè la ìmọ́lẹ̀ sí àwọ̀ kò pọ̀, àwọn tó ń du ú sì pọ̀. Ètò 4MOST ní Chile ti ya àyè sọ́tọ̀ fún nǹkan bí 10,000 afurasí. Ìdá kan nínú mẹ́wàá iye tí wọ́n ń retí nìyẹn. Àwọn tó kù á máa jẹ́ afurasí fún ọdún púpọ̀. Ẹni tó bá ń fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún yangàn láìsọ iye tí wọ́n ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ẹ bi í léèrè.

Ẹ tún bi í léèrè nípa ohun tí ọ̀nà rẹ̀ kò lè rí. CLASS kò lè rí ohun tí kì í sọ ìgbì rédíò, Sloan ń padánù òrùka ńlá, ẹ̀rọ kò lè rí ohun tí wọn kò kọ́ ọ. Bí gbogbo lẹ́ńsì tí a mọ̀ bá jẹ́ agbo ìràwọ̀ gbàǹgbà, tí a wá fi wọ́n ṣèdájọ́ gbogbo agbo ìràwọ̀, a ti ṣì í láti ìbẹ̀rẹ̀. Iye tó pọ̀ kò lè wo àìsàn yẹn sàn. Ohun tó lè wò ó ni kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa kéde, pẹ̀lú àkójọ wọn, irú lẹ́ńsì tó ṣeé ṣe kí wọ́n ti padánù àti iye tó ṣeé ṣe kó jẹ́. Àwọn kan ti ń ṣe é, wọ́n ń gbin ayédèrú sínú àwòrán láti mọ èyí tí ètò wọn kò rí. Kó di dandan fún gbogbo wọn.

Ẹ̀yin olùkọ́ físíìsì àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka èyí, ọ̀fẹ́ ni Zooniverse, fóònù tó ní íntánẹ́ẹ̀tì sì ti tó láti wọlé. Wọn kì í béèrè ìwé ẹ̀rí. Àwòrán ìpín àkọ́kọ́ ti Euclid náà wà níta fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tú u wò. Ẹ wọlé, ẹ wo tiyín, bí ẹ bá sì rí ohun tó tẹ̀ tí ẹ̀rọ kò sàmì sí, ẹ kọ ọ́ sí ojú ìwé ìjíròrò tó wà níbẹ̀, nítorí àwọn onímọ̀ máa ń kà á.